Ẹni Tó Ń Sùn Láàárín Dùùrù àti Gìtá

Bí aago méjì ọ̀sán bá ti ń sún mọ́, Ajarat á ti wẹ òórùn tòmátì kúrò lára, á ti kí ìrun Àílà, á sì ti na ara sórí ẹní tó tẹ́ sáàárín yàrá rẹ̀ ní Ìkòsì. Kì í sun orí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án. Ó ní òru ni bẹ́ẹ̀dì wà fún, òun àti òru kò sì ṣọ̀rẹ́ mọ́. Á fi ìborùn bo ojú, á gbé ọwọ́ lé àyà, á máa retí iná.

Ní àdúgbò tiwọn, aago méjì ni iná ń dé, aago mẹ́rin ló ń lọ. Ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yẹn, àwọn tó ń mú un wá ló mọ̀. Tó bá ti dé, fáànù á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, fíríìjì á gbọ̀n, àwọn ọmọdé á hó láti ìpẹ̀kun àdúgbò dé ìpẹ̀kun kejì. Kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, ògiri ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀. Ògiri òsì á sì dá a lóhùn.

Ògiri ọ̀tún ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn akọrin àti dùùrù oníná sí fi ẹ̀yìn ti yàrá Ajarat, búlọ́ọ̀kù kan péré ló wà láàárín wọn. Tíṣà Oyèwùmí ló ń tẹ dùùrù ọ̀hún. Àgbà ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, tí kì í jáde láìde táì, àní tó bá jẹ́ pé búrẹ́dì ló fẹ́ lọ rà. Ògiri òsì ni ti Labeebah, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ń tẹ àwòrán sára ẹ̀wù ní Ojota láàárọ̀. Ó ń lo híjáàbù, ohùn rẹ̀ tutù, ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí èèyàn. Ẹni tó bá rí i lójú títì kò lè gbà láéláé pé òun ló ni gìtá tó ń ké bí ayùn tó bá ìṣó pàdé nínú pákó. Heavy metal ni wọ́n ń pe irú orin tó ń ta. Àwọn ará àdúgbò ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Kí Ajarat tó di opó, kò mọ dùùrù, kò mọ gìtá. Ìró tó ń gbé e sùn nígbà náà ni ti ọkọ rẹ̀, Ràímì ará Ṣakí, tó ń kan àga àti tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Obìnrin tó bá ń jí ní aago mẹ́ta ìdájí láti lọ pàdé tírélà tòmátì ní Mile 12, ọ̀sán ni òru rẹ̀. Ràímì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ kan ìṣó lọ́sàn-án. Pákó fífá ló ń fi sí àsìkò yẹn, ṣáà lọ, ṣáà bọ̀, ṣáà lọ, ṣáà bọ̀, títí ojú ìyàwó rẹ̀ á fi pa dé. Nígbà tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn èèyàn wá, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹ sàráà, wọ́n lọ. Ilé wá dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí Ajarat sùn fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ó lo oògùn. Ó mu omi àdúrà. Ó yí ibi tó ń kọ orí sí padà. Rasheedat, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ṣàngísà, ra ìrọ̀rí olówó iyebíye wá, ìyá lo ìrọ̀rí náà títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, oorun kò wá. Ó ń ṣe é bí ẹni pé Ràímì di oorun náà mọ́ ẹrù lọ ni.

Ìgbà tí wọ́n yí àsìkò iná padà sí ọ̀sán ni nǹkan yí padà. Oṣù yẹn náà ni Labeebah kó dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí dùùrù àti gìtá jọ pariwo papọ̀, inú bí Ajarat gan-an. Ó dìde lórí ẹní, ó ní òun á lọ fi odó gbá ògiri méjèèjì. Ó ń fẹsẹ̀ wá sílípáàsì rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó díẹ̀ kí ó lè wá a dáadáa. Ibi tó jókòó sí náà ló sùn sí, pẹ̀lú sílípáàsì kan lẹ́sẹ̀, kò sì jí títí iná fi lọ. Nígbà tó jí, ó sunkún, nítorí kò rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń lọ síbì kan. Ọmọ Agboyi ni, etí omi ni wọ́n bí i sí, etí omi náà sì ni orin ń gbé e lọ. Kì í sùn tán pátápátá, kì í sì í lajú. Á bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ kan. Dùùrù ni omi tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó jinlẹ̀, kò kánjú. Gìtá ni ẹ́ńjìnnì àwọn tó ń wa iyanrìn lọ́hùn-ún, tó ń gbọ̀n nínú eegun àyà èèyàn kó tó dé etí. Ràímì á jókòó síwájú ọkọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa fá pákó. Èéfá pákó á máa já sínú omi, á máa ṣàn lọ, funfun, funfun. Kò béèrè rí lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìgbádùn ibẹ̀ kò gba ìbéèrè.

Nínú ọkọ̀ yẹn ló ti mọ ohun tó rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní àdúgbò náà. Orin kan náà ni.

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ohun tó mọ̀ kò ju àtẹ̀gùn etí omi lọ, èyí tó ń gùn tó sì ń sọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Dùùrù á sọ àtẹ̀gùn mẹ́rin kalẹ̀, á padà sókè lẹ́ẹ̀kan, á tún sọ mẹ́rin kalẹ̀ láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kan omi. Gìtá náà á sọ mẹ́rin kalẹ̀, á padà sókè lẹ́ẹ̀kan, á tún sọ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ lásán ni dùùrù fi ń rìn. Gìtá wọ bàtà, ó sì ń sáré. Àmọ́ àtẹ̀gùn kan náà ni wọ́n jọ ń sọ̀, wọ́n á dé ìsàlẹ̀, wọ́n á bára wọn níbẹ̀.

Lójú Ajarat, àwọn tó ni orin náà kò mọ̀ o. Ìjà ni wọ́n ń jà. Tíṣà Oyèwùmí ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ẹgbẹ́ àwọn onílé pé ariwo ọmọ yẹn kò jẹ́ kí àwọn akọrin òun gbọ́ ohùn ara wọn. Labeebah náà ti sọ pé bí dùùrù bá lẹ́tọ̀ọ́, gìtá náà lẹ́tọ̀ọ́, owó iná ni oníkálukú ń san. Ọ̀rọ̀ náà le dé ibi pé tí wọ́n bá pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù, Labeebah á kúnlẹ̀ kí Tíṣà, Tíṣà á dáhùn, àwọn méjèèjì á sì máa wo ibòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àwọn ẹgbẹ́ onílé wá sọ́dọ̀ Ajarat, àwọn mẹ́rin, Gbénró alága wọn ló ṣíwájú. Wọ́n wọ agbádá bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó. Àánú wà lójú gbogbo wọn.

“Alhaja, ẹ wò ó, a ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín,” ni Gbénró wí. “Ó dùn wá gan-an ni. Opó tó ń jí ní three o'clock, tí kò rí ibi sùn lọ́sàn-án. Church lápá ọ̀tún, wèrè gìtá lápá òsì. We have settled it. No music láti twelve títí di six. Àwọn méjèèjì ti sign. Ẹ̀yin ló kù, kí wọ́n má baà sọ pé a ò fi tó yín létí.”

Ajarat wo ìwé náà. Ó wo ojú àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ń retí ọpẹ́. Ó la ẹnu. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun Alhaja, tó ti dé Mẹ́kà, tó ń jókòó síwájú ní Àsàlátù ọjọ́ Àìkú, kò lè sùn àfi tí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì bá ń dún ní etí kan, tí ẹ̀rọ ọmọ aláriwo bá ń dún ní èkejì? Ojú tì í. Ojú tì í débi pé ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ṣeun o,” ló wí. “Ọlọ́run á ṣàánú ẹ̀yin náà.”

Ó fọwọ́ sí i. Gbénró dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méjì lù, iná dé, fáànù mí kanlẹ̀. Ajarat dùbúlẹ̀, ó ń retí. Ògiri ọ̀tún kò sọ̀rọ̀. Ògiri òsì kò sọ̀rọ̀. Fáànù nìkan ló ń yí, ó sì ní ibì kan tó máa ń ha tó bá ti yí débẹ̀, Ajarat kò gbọ́ ìyẹn rí. Ó ń ka iye ìgbà tó ń ha títí iná fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún odindi ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ń pa ojú dé, ó ń wá ọkọ̀ náà, ó ń wá omi, òkùnkùn lásán ló ń rí. Ràímì kú lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yìí, Ajarat fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejìlá, ní Mile 12, ó dúró ti àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Tírélà kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀. Àwọn alábàárù ń lọgun, “Báyà! Báyà! Wo ẹ̀yìn! Màmá, kúrò!” Ajarat ń gbọ́ wọn láti ọ̀nà jínjìn, ohùn wọn dùn létí rẹ̀, ó rò pé orin ti padà dé. Sẹ̀kínát, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà láti ogún ọdún, ló fi gèlè orí rẹ̀ fà á, wọ́n sì jọ ṣubú sẹ́yìn. Tírélà gun apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Omi tòmátì ṣàn dé ẹsẹ̀ wọn.

“Ajarat, ṣé o fẹ́ kú ni?” Sẹ̀kínát di èjìká rẹ̀ mú. “Mo ní ṣé o fẹ́ kú?”

Níbẹ̀, lórí ilẹ̀, nínú tòmátì fífọ́, Ajarat sọ òtítọ́ fún un. Sẹ̀kínát kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ìró ìdí rẹ̀ fi tú. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

“Lọ sọ fún wọn,” ló wí. “Ìtìjú ò ní pa ẹ́. Tírélà yìí ló máa pa ẹ́.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kan ìlẹ̀kùn Labeebah. Ọmọ náà rí i, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tan nǹkankan o. I swear, kò tiẹ̀ sí nínú socket.”

“Dìde. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Kí ló dé tí ìwọ àti Tíṣà fi ń ta orin kan náà?”

Labeebah kò dìde. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ká níbi tó fara pamọ́ sí.

“Ta ló sọ fún yín, Mummy?”

“Etí ọ̀tún ló sọ fún etí òsì.”

Ìgbà náà ni Labeebah rẹ́rìn-ín, ó sì fà á wọlé, ó mú un jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín àwọn wáyà. “Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Àwọn òyìnbó onírun gígùn tí mò ń gbọ́, àwọn tó ń ta heavy metal, gbogbo èèyàn rò pé wèrè ni wọ́n. Ìwé ni wọ́n jókòó tì, Mummy! Orin àwọn bàbá tó ń tẹ dùùrù ní Jámánì láyé àtijọ́, orin àwọn tó ń ta fayolíìnì ní Ítálì, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ìka. Ohun tí wọ́n kọ fún fayolíìnì, wọ́n gbé e sórí gìtá. Ohùn ìsàlẹ̀ á dúró síbì kan, tòkè á máa gùn, á máa sọ̀. Ìbànújẹ́ inú ẹ̀, eré inú ẹ̀, látọ̀dọ̀ àwọn bàbá yẹn ni. Àwọn kàn fi current sí i ni. Èmi ń gbọ́ ọ lórí fóònù, mi ò mọ ibi tó ti wá. Ọjọ́ tí mo kó dé ibí, mo gbọ́ Tíṣà látinú yàrá yín. Mo ní ah, ilé bàbá orin mi rèé! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a lọ. Tó bá dúró, mo dúró. Tó bá sáré, mo sáré. Tíṣà ò mọ̀ ni.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún un?”

“Mummy, ẹni tó ń kọ lẹ́tà?”

Tíṣà Oyèwùmí le ju ìyẹn lọ. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Ajarat ti bá a, ó ń da solfa orin ọjọ́ Àìkú kọ sẹ́yìn ìwé ètò ìkórè ọdún tó kọjá, nítorí kì í fi ìwé ṣòfò. Àwọn akọrin rẹ̀ kò mọ irú ìwé orin mìíràn. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ Tíṣà ní dùùrù fi kọ́ ọ ní Ọ̀yọ́ náà nìyẹn, doh ray me, ìlà lórí ìlà, lẹ́ẹ̀dù rẹ́súrẹ́sú.

“Alhaja, mo bọ̀wọ̀ fún yín,” ló wí nígbà tó gbọ́ ọ tán. “Àmọ́ ẹ má fi orin tí mò ń tẹ̀ wé ariwo yẹn mọ́. Ẹni tó kọ orin yẹn ti kú láti ohun tó lé ní igba ọdún. Ó kọ ọ́ fún ògo Ọlọ́run.”

“Mi ò mọ ìwé, sà. Àtẹ̀gùn ni mo mọ̀.” Ó wá kùn ún fún un. Ó rọra kùn ún, ojú rẹ̀ wolẹ̀, mẹ́rin kalẹ̀, ọ̀kan sókè, mẹ́rin kalẹ̀, títí dé omi.

Lẹ́ẹ̀dù dúró lọ́wọ́ Tíṣà. Ogójì ọdún ló ti ń tẹ orin yẹn fún ìjọ tó ń dìde, tó ń ká ìwé orin, tó ń wá bàtà ọmọ kiri nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò rí ẹni tó kùn ún padà fún un rí.

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni màá fi gbọ́ gìtá rẹ̀,” ló wí. “Mo sì fẹ́ kí gbogbo ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ajarat to àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àga tí Ràímì kàn. Tíṣà jókòó, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó fi ìka di etí méjèèjì. Iná dé. Labeebah so wáyà mọ́ ẹ̀rọ nínú yàrá tirẹ̀, ó ta okùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ gbọ̀n.

Ajarat kò wo ògiri. Ọwọ́ Tíṣà ló ń wò. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kúrò ní etí. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé orí orúnkún, ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka kékeré gbéra, èkejì tẹ̀ lé e, ó sì di pé gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lórí ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń sáré, wọn kò lè bá ọmọ yẹn, wọ́n tún ń sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń tẹ ilẹ̀, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà. Ó ti pa ojú dé. Ajarat mọ ibi tó wà. Ibi tí òun náà ń lọ ni.

Lójijì ló dìde dúró, ó kígbe sí ògiri bí ẹni tó wà níwájú àwọn akọrin rẹ̀. “Dúró! Padà sí ìlà kẹta!”

Gìtá dákẹ́. Ó tún ìlà kẹta ta, jẹ́jẹ́.

“Ohùn kan ga ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀. Ta ló ní kí o gbé e?”

Labeebah yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gìtá lọ́rùn, híjáàbù rẹ̀ ti yẹ̀ sápá kan. “Ẹ̀yin ni, sà. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gbé e. Ti orí fóònù ò rí bẹ́ẹ̀, mo ti wò ó káàkiri. Tiyín ló dùn jù, ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.”

Tíṣà rọra jókòó padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi sọ ọ́ kéré.

“Àṣìṣe ni,” ló wí fún Ajarat, kì í ṣe fún ọmọ náà. “Ojú ọ̀gá mi ti ń ṣú nígbà tó da orin yẹn kọ fún mi. Ó fi ohùn yẹn sí òkè jù. Èmi rí i lẹ́yìn tó kú. Ó yẹ kí n tún un ṣe. Mi ò lè tún un ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nínú orin náà nìyẹn. Mo rò pé tí èmi bá ti lọ, ó parí.” Ó yọ áńkáṣífù, ó fi nu ojú, kò sì fi pamọ́ pé ẹkún ni. Ajarat náà ń sunkún, nítorí ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìró kan ṣoṣo ku lọ́wọ́ èèyàn.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí Gbénró fi wọlé, ìwé àdéhùn lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò bíi mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀.

“Who is breaking this law? Alhaja, ta ló ń yọ yín lẹ́nu? Tíṣà, ẹ̀yin náà wà níbí?”

Ajarat dìde. Ó di ẹ̀yìn àga Ràímì mú. Ó rí àwọn obìnrin Àsàlátù méjì láàárín èrò. Ó rántí tírélà.

“Èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mo ní kí ó ta á. Alága, ẹ ṣàánú mi, ẹ ò bi mí léèrè. Láti ìgbà tí Ràímì ti lọ, mi ò lè sùn nínú ìdákẹ́jẹ́. Inú orin àwọn méjèèjì yìí ni mo ti ń sùn. Dùùrù àti gìtá. Mo gbádùn ẹ̀. Tí ẹ bá dá a dúró, ẹ máa sin mí láìpẹ́.”

“Nínú ariwo yẹn?” Gbénró béèrè.

“Nínú ẹ̀, Alága.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn ní kí ó panu mọ́. Gbénró wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sápò.

“Alhaja, ẹ̀yin náà ẹ ò sọ,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “À bá má ti ṣe é.”

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, kò sí adùn tó tó orin wọn ní gbogbo Ìkòsì. Dùùrù mọ̀ pé gìtá wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ń dúró de ara wọn. Nígbà mìíràn Tíṣà á sáré díẹ̀ láti fi dán an wò, Labeebah á fà sẹ́yìn bí ẹni tó bọ́ bàtà. Ajarat ń rìn lórí omi Agboyi lójoojúmọ́, ó jí, ojú rẹ̀ ń dán, Sẹ̀kínát ní ó ti ń sanra.

Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wáyà Labeebah wà lọ́rùn Tíṣà, ó bo táì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ketu ti fún wọn ní gbọ̀ngàn, wọ́n ní solar níbẹ̀, dùùrù àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í lò. Wọ́n á lè jókòó sójú ara wọn níkẹyìn. Tíṣà ti ń kọ́ Labeebah ní solfa. Òun náà ti ń kọ́ Tíṣà bí wọ́n ṣe ń ka ti gìtá. Lójoojúmọ́, láti aago méjì.

“A ò ní dá oorun yín láàmú rárá mọ́, Mummy,” ni Labeebah wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sẹ́nu. “Ah. Mummy. Oorun yín.”

Ajarat ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ gbólóhùn kan péré, wọ́n á dúró. Ó wo bàbá náà, tí kò rántí pé wáyà wà lọ́rùn òun. Ó dà bí ẹni tí wọ́n dá ogún ọdún padà fún. Kò sí ìtìjú kankan nínú ohun tó mú Ajarat dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ẹ ṣeun o,” ló wí. “Ẹ máa lọ. Mo ti ń sùn dáadáa báyìí.”

Lọ́jọ́ Ajé, aago méjì lù, iná dé. Ó dùbúlẹ̀, ó bo ojú. Ògiri ọ̀tún dákẹ́, ògiri òsì dákẹ́, fáànù ń ha níbi tó ti máa ń ha. Inú rẹ̀ bà jẹ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹnì kan tó ń kùn nínú yàrá, mẹ́rin kalẹ̀, ọ̀kan sókè, mẹ́rin kalẹ̀. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun fúnra òun ni. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó gbé ohùn yẹn sókè jù, bí wọ́n ṣe ń gbé e. Omi dé sábẹ́ ẹní. Níwájú ọkọ̀, Ràímì gbé ọwọ́ lé pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀, ṣáà lọ, ṣáà bọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yí ojú padà wò ó.

Aago mẹ́rin lù, iná lọ, fáànù dúró. Ajarat kò mọ̀.